Wọ́n ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyá ọmọ ńkọ́?

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo ti já ọmọ mi lẹ́nu ọmú, ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bá mi sọ. Ṣé ó ń jẹun dáadáa? Ṣé kò rù? Ṣé ó ń sùn lóru? Má bọ́ṣọ níwájú ẹ̀ o, má jẹ́ kó rí i o. Ó dáa, ẹ ṣeun. Ìyá ọmọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè, àfi nọ́ọ̀sì kan ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa tó wò mí lójú tó ní "Màmá, ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ara yín le?" Bí mo ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, lójú gbogbo àwọn ìyá tó gbọ́mọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo wá ń fi ìborùn nu imú bí ọmọdé, èmi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá débẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń rò pé orí òun ló ń dàrú.

Ọmọ mi kejì nìyí. Ti àkọ́kọ́, òun fúnra ẹ̀ ló sá fún ọmú, á mu ún díẹ̀ á sá lọ ṣeré, á tún mu ún díẹ̀ á tún sá lọ, nígbà tó yá a ò gbúròó ẹ̀ mọ́, ara mi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Eléyìí yàtọ̀ pátápátá. Tó bá ṣubú, ọmú. Tóorun bá ń kùn ún, ọmú. Tí inú ẹ̀ bá dùn gan-an, ọmú náà ni. Ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀, á wá na ọwọ́ sí mi á ní "Mọ́mì, gbé e wá" bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Ká ní tèmi nìkan ni, mi ò bá fún un títí á fi pé ọdún méjì, torí ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ni pé ọmú nìkan ṣoṣo fún oṣù 6 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọmú pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi náà, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, máa ń rán mi létí pé ọdún méjì gbáko ni Àlùkùráánì sọ fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú tán. Àmọ́ níbi iṣẹ́ mi wọ́n ti yí mi sí iṣẹ́ alẹ́, ọmọ ń sunkún lóru nílé, ọmú ń ro mí níbi iṣẹ́, ó wá di dandan. Òfin iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà sọ pé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín iṣẹ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Ẹ lọ sọ ọ́ létí ọ̀gá yín kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gba ìsinmi ìbímọ oṣù 6 láti 2014, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ aládàáni ń wò wọ́n lókèèrè.

Nínú Bíbélì, ọjọ́ tí wọ́n já Ísáákì lẹ́nu ọmú, Ábúráhámù se àsè ńlá. Mo máa ń rò ó pé ta ló wà nídìí iná lọ́jọ́ yẹn, ṣé Sárà tí ọmú ẹ̀ ń wú náà ló tún máa ro ọkà? Kò sóhun tí wọ́n kọ nípa bí ara ẹ̀ ṣe rí. Àsè ti ọmọ ni.

Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa kò ṣàjèjì sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n á fún ewúro, wọ́n á fi omi ẹ̀ pa orí ọmú. Àwọn míì, ata ni. Àwọn míì á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún bí ọ̀sẹ̀ kan méjì, ìyá á wà nílé á fi ọ̀já di àyà pinpin títí á fi gbẹ. Ìyá ọkọ mi gbé ewúro ti wọn wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ti fún un sínú ike, wọ́n tún fi rọ́bà wé ìdérí ẹ̀ kó má dà sínú mọ́tò. Wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, fi pa á, kó o wò ó bó ṣe máa sá." Mo fi pa á. Ọmọ gbẹ́nu lé e, ó yọ ẹnu, ó wò mí, ó tún wo ọmú, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún nù, ó fi ọwọ́ náà nu ara aṣọ mi, ó sì gbẹ́nu padà síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní irú ọmọ wo rèé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ tó ti ń jẹ ẹ̀fọ́ ewúro látìgbà tó ti mọ oúnjẹ jẹ, ṣé ewúro ló máa bà á lẹ́rù? Ti ata ní tiẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹnu ọmọ ni, ojú ọmọ ni, awọ ara ìyá náà ni. Ti kí wọ́n gbé ọmọ lọ jìnnà ló wá burú jù fún ara ìyá, torí ṣe ni gbogbo ẹ̀ á dúró gbì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ara ò sì mọ dúró gbì. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ara ṣe ń ṣe é, èyí tó bá kù sínú ọmú tí ẹnì kankan ò mu, òun ló máa sọ fún ara pé ó ti tó, ẹ dín in kù. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í dé ibi tó ń lọ lọ́jọ́ kan. Kó tó dé, ọmú á wú, á le koko, á máa gbóná, apá gan-an ò ní ṣeé fi mọ́ra. Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ kan tí mo wà nínú takisí Micra láàárín Ìwó Road sí Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, gosíló wà, oòrùn mú, ọmọ jòjòló kan nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọmọ tí mi ò mọ ìyá ẹ̀ mi ò mọ bàbá ẹ̀, bí ara mi ṣe rìn gììrì nìyẹn, kí n tó mọ̀ bọ́láùsì mi ti rin gbingbin níwájú. Mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. Màmá àgbàlagbà kan tá a jọ jókòó sẹ́yìn wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ò rí nǹkan kan, wọ́n kàn tú ìborùn tó wà léjìká wọn, wọ́n jù ú lé mi láyà, wọ́n ní "Ó máa gbẹ." Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mo ní kí wọ́n gba ìborùn wọn, wọ́n ní kí n gbé e lọ. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló là á yé mi bó ṣe yẹ ká ṣe é, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n yọ ẹyọ kan ṣoṣo kúrò nínú ìgbà tọ́mọ máa ń mu ún lójúmọ́, kí n fi oúnjẹ tàbí nǹkan mímu rọ́pò ẹ̀, kí n wá fún ara ní ọjọ́ mélòó kan kó mọ́ ọn lára kí n tó yọ òmíràn. Ti ọ̀sán ló máa ń rọrùn jù láti yọ, ti òru ló máa kẹ́yìn. Tó bá wú jù, kí n fi ọwọ́ fún un díẹ̀, àní díẹ̀ tí ara á fi fúyẹ́, kí n má fún un tán, torí tí n bá fún un tán ara á rò pé ọmọ ṣì wà nídìí ẹ̀, á sì máa ṣe é lọ. Kọ́mú tó gbé àyà dúró dáadáa ṣùgbọ́n tí ò fún mọ́ni, kì í ṣe ọ̀já dídì yẹn, dídì pinpin máa ń dá omi ọmú dúró sójú kan ni, ibẹ̀ ni kókó ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rì bọ omi tútù. Kábéèjì náà, ewé ẹ̀ láti inú fíríìjì, wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ sínú kọ́mú. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, àmọ́ òtútù ẹ̀ ń tu èèyàn lára lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó bá rọ tán, òórùn ọbẹ̀ lẹ ó máa gbé kiri ọ́fíìsì. Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn má mumi kó lè tètè gbẹ, ẹ má dá wọn lóhùn, òǹgbẹ lásán lẹ máa fi jẹ ara yín níyà.

Tẹ́ ẹ bá wá rí kókó kan nínú ọmú tó ń dùn yín, tí ojú ibẹ̀ pọ́n tó gbóná, tí ibà wá gbé yín dè tí ara ń gbọ̀n, ẹ má jókòó sílé máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò lọ, ilé ìwòsàn ni, torí ó lè di éwo sínú, tó bá dà bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ní láti fa ọyún ẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sáré lọ sọ́dọ̀ kẹ́míìsì pé kí wọ́n fún yín ní oògùn tó ń gbẹ ọmú, ẹ rọra. Oògùn ẹ̀ wà lóòótọ́, dókítà ló ń kọ ọ́, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru. Èyí tí wọ́n ń pè ní bromocriptine, láti 1995 ni Amẹ́ríkà ti fagi lé lílò ó fún ọmú gbígbẹ, torí ìròyìn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tí wọ́n gbọ́ lára àwọn abiyamọ tó lò ó. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń dì sínú bébà funfun fúnni.

Lẹ́yìn tí wíwú bá lọ, omi ọmú ò ní tán síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣì yọ díẹ̀, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè di oṣù bíi mélòó kan, kò sí wàhálà níbẹ̀ àyàfi tó bá lẹ́jẹ̀ nínú tàbí tó ń dà fúnra ẹ̀ láti ojú ọmú kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ lọ fi han dókítà. Ọmú fúnra ẹ̀ ńkọ́? Hmm. Tèmi dà bí àpò gàrí tí wọ́n ti bù títí tó ku ti ìsàlẹ̀. Mo dúró síwájú dígí mo ní ta rèé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan tó ń ṣe omi ọmú nínú ibẹ̀ ló ń sún kì, ọ̀rá á wá rọra padà sí àyè ẹ̀, ó máa ń tó oṣù mélòó kan kó tó fojú hàn, àwọn kan á padà sí bí wọ́n ṣe wà, àwọn kan ò ní padà, ọ̀tún lè tóbi ju òsì lọ. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ sì sọ pé oyún fúnra ẹ̀ àti ọjọ́ orí ló ń jẹ́ kí ọmú sọ̀, kì í ṣe pé ọmọ mu ún. Torí náà àwọn tó ń sá fún fífọ́mọ lọ́mú kí àyà wọn má bàa sọ̀, oyún ti ṣe tiẹ̀ kọ́mọ tó dé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà. Omi ọmú tí ìyá ń ṣe lójúmọ́ ń gba bíi kálórì 500 lára ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ikùn ò mọ̀, ó ṣì máa béèrè àmàlà bó ṣe ń béèrè ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà á sì máa fún un, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sanra lẹ́yìn tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú tán tí wọ́n á ní ọkọ ń tọ́jú wa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti egungun. Nígbà tá à ń fún ọmọ lọ́mú, egungun ìyá máa ń dín kù ní nǹkan bíi 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ọmọ ń gba kálísíọ̀mù, tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú tán ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fúnra ẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo lọ ra ẹja ṣàwá, mo jẹ ẹ́ teegun teegun.

Nǹkan oṣù mi padà dé láìkí mi, ó sì wá pẹ̀lú inú rírun tí mi ò mọ̀ rí látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta torí àwọn tí ò mọ̀ pọ̀: ẹyin máa ń jáde lára obìnrin kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó dé. Ìyẹn ni pé ẹ lè lóyún láì tíì rí nǹkan oṣù yín rárá. Ọmú ń dáàbò boni lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 6, tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru, tí nǹkan oṣù ò sì tíì padà, mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ pé. Tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ẹ lọ fètò sọ́mọ bíbí. Láyé àtijọ́ àwọn ìyá wa ò ní wàhálà yìí torí wọn kì í súnmọ́ ọkọ títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n ní àtọ̀ ọkùnrin ń ba omi ọmú jẹ́, ó máa ń tó ọdún méjì, mẹ́ta. Kò bà á jẹ́ o, dókítà èyíkéyìí á sọ fún yín, àmọ́ ìsinmi yẹn wúlò fún ara ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa ò ṣe é mọ́, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀, ni aládùúgbò mi kan ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú tó sì jẹ́ pé oyún míì ló fi ṣayẹyẹ. Ó wà nínú nǹkan tó ń dáa fún ara lẹ́yìn ọmú pé gbígbẹ tí ojú ara máa ń gbẹ nígbà tá à ń fún ọmọ lọ́mú á lọ, ìfẹ́ ọkọ á padà. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ara ni, èèyàn lè fara dà á. Ti ọkàn ló bá mi lójijì.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo yọ ti òru. Mò ń fọ kọ́ọ̀pù ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Kọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù tó ní etí méjì lásán. Lọ́jọ́ kejì bàbá wọn gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi pa, mo pariwo débi pé ọmọ mi àgbà lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Lálẹ́, tí gbogbo wọn bá ti sùn, àyà mi á kàn máa já, mi ò mọ ohun tó ń já a. Ìyá ọkọ mi ní "Kí ló dé, ṣebí ọmọ ò ṣàìsàn?" Wọn ò ní in lọ́kàn láti bú mi, ọ̀rọ̀ ni wọn ò rí sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ rí pásítọ̀, pé ó lè jẹ́ ẹ̀mí kan. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé họ́mónù méjì wà, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, prolactin tó ń ṣe omi ọmú àti oxytocin tó ń tì í jáde, àwọn méjèèjì yìí kan náà ló máa ń fún ìyá ní ìfọ̀kànbalẹ̀, òun ló fà á tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti ń mu ún, oorun á máa kun ìyá náà, ọkàn á rọ̀. Tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, àwọn méjèèjì á wálẹ̀, àwọn họ́mónù tó ń mú nǹkan oṣù wá á tún máa gòkè, ara á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bó ṣe máa dúró. Bó bá sì ṣe jẹ́ lójijì tó ni á ṣe le tó. Kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn.

Mo pe màámi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màámi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ara ẹ̀, ẹni tó máa sọ pé orí ń fọ́ òun gan-an, ó di ọjọ́ kẹta tó ti lọ. Mo ṣàlàyé tán, wọ́n dákẹ́ títí mo rò pé káàdì ti tán. Wọ́n wá ní nígbà tí wọ́n já àbúrò mi àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọmú, àwọn máa ń lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú ìsáàsùn lọ́wọ́ bíi pé àwọn ń fọ̀ ọ́, kí àwọn lè rójú sunkún, torí àwọn mọ̀ pé ọmọ mìíràn ò ní sí mọ́. Mo ní "Màámi, ẹ ò sọ fún mi rí." Wọ́n ní "Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló bi mí?" Wọ́n tún ní kí n lọ jẹun.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé họ́mónù nìkan ni gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀tọ̀ ni họ́mónù, ọ̀tọ̀ ni pé nǹkan kan ti tán lóòótọ́. Ibi tí mo ti máa ń jókòó láàárọ̀ tí ẹnì kankan ò lè rán mi níṣẹ́, torí mò ń fún ọmọ lọ́mú, kò sí mọ́, bí mo bá jókòó báyìí wọ́n á ní mò ń ṣe kí ni. Ọmọ fúnra ẹ̀ ti rí nǹkan míì, etí mi ló ń fi ìka lọ́ báyìí kó tó sùn, etí ọ̀tún, ó ń dùn mí, mi ò gba etí mi. Ó tún wá ń sá lọ bá bàbá ẹ̀ tó bá ṣubú. Inú mi yẹ kó dùn, inú mi ò dùn, mo jowú ọkọ ara mi. Àmọ́ mo tún ń sùn mọ́jú, mo wọ gáùn tí ò ní bọ́tìnì níwájú lọ sí òde ìgbéyàwó, mo lè lo oògùn ibà láì kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà dùn, ó dùn gan-an ni. Méjèèjì wà nínú mi lọ́jọ́ kan náà, mi ò sì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Bàbá wọn gbìyànjú, kí n fún un ní tiẹ̀. Òun ló gba iṣẹ́ òru nígbà tí mo bá wà nílé, á fi ọ̀já mi pọn ọmọ, á máa rìn nínú kọ́rídọ̀, á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọmọ á máa ké, òun náà á máa kọrin. Èmi á wà nínú yàrá, ìlẹ̀kùn títì. Ọkùnrin tó bá ń bèèrè ohun tí òun lè ṣe, òun nìyẹn, torí bí ọmọ bá ti gbóòórùn ìyá ẹ̀ báyìí, ọmú ló máa béèrè.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe àwọn ló yàn án. Ẹni tó ṣàìsàn tí oògùn ẹ̀ ò gba ọmú. Àwọn ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn wọn dáadáa, wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú báyìí, tí wọ́n bá sì fẹ́ dáwọ́ ẹ̀ dúró, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà ni pé kí wọ́n rọra ṣe é láàárín oṣù kan, kì í ṣe lójijì. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ kú sì wà. Ọmú ẹ̀ ò mọ̀. Á kún ní àkókò tó máa ń kún, ilé á dákẹ́, àwọn èèyàn á máa sọ pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, òun á máa wá aṣọ tí ò ní jẹ́ kó hàn síta. Tẹ́ ẹ bá lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi ti omi dídì àti kọ́mú tó dáa kún àdúrà yín. Mo ti wà nílé ẹni tó nílò ẹ̀, àdúrà nìkan ni gbogbo wa gbé dání.

Ìbànújẹ́ tí mò ń sọ yìí, ó máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dín, tí oúnjẹ ò lọ, tẹ́ ẹ ò lè sùn kódà nígbà tọ́mọ ń sùn, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá wá ń wá sọ́kàn yín pé kẹ́ ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ ní jàǹbá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ sí ọsibítù. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú rí, bóyá lẹ́yìn ìbímọ tàbí ṣáájú, kó tiẹ̀ ti sọ fún wọn ní kílíníìkì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ọmọ lẹ́nu ọmú, kó sì fà á gùn bó bá ṣe lè ṣe é. Ẹ lè ní kí wọ́n yẹ thyroid wò nínú ẹ̀jẹ̀ yín náà, torí nǹkan kékeré tó wà lọ́rùn yẹn máa ń dàrú láàárín ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, á wá dà bíi pé ìbànújẹ́ ni tàbí pé ó kàn ń rẹ̀ yín.

Èmi, ara mi ti ń balẹ̀. Ẹkún ti dáwọ́ dúró, inú rírun ṣì ń wá lóṣooṣù, tí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀ ó ṣì máa ń yọ díẹ̀. Gbogbo kọ́mú tí mo ní ti di àpatì, tàtijọ́ ò gba mí, ti ìgbà ọmú ń ṣí lára mi. Mo lọ sí ọjà Gbági lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó ń ta kọ́mú kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò lo téèpù, kò bi mí ní sáìsì, ó fa méjì jáde ó ní "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, àbí? Ẹ mú méjì yìí, ẹ má tíì ra púpọ̀, á tún yí padà tó bá di oṣù mẹ́ta sí i." Owó ẹ̀ wọ́n o. Mo san án.